Etí Mi Ló Kú, Ọ̀rẹ́ Mi Ni Mo Lé Lọ

Ẹ má tíì káàánú mi. Ẹ ka ọ̀rọ̀ mi tán ná, kí ẹ tó mọ ẹni tí àánú yẹ nínú èmi àti Bísíríyù.

Oríyọmí ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n láàárín àwa tí a ń ta gìtá láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè mí. Bí okùn gìtá kan bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, tí ẹnikẹ́ni kò fura, èmi á ti fura. Àwọn àgbà olórin tí wọ́n ti ń kọrin kí wọ́n tó bí mi á dúró, wọ́n á ní, "Elétí Ehoro, ṣé ó ti dọ́gba?" Bí mo bá ti mi orí, wọ́n á tún un yí ni. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi nínú ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Iléeṣẹ́ irin kan ní Ìkòròdú ni mo ti ń gba owó oṣù, níbi tí irin ti ń lu irin láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń di èèyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti Bísíríyù máa ń ta gìtá ní ilé ìtura Àlàájà Ṣẹ̀rífátù létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, Rọ̀kíbátù àbúrò Bísíríyù á sì máa kọrin fún wa. Ọmọ Ejinrin ni Bísíríyù. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ gìtá, orí ẹní kan náà la sì jọ ń sùn nígbà náà.

N kò lè sọ ìgbà tí etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwọn ohùn tínínrín ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. N kì í gbọ́ ẹyẹ mọ́ láàárọ̀, mo sì rò pé àwọn ẹyẹ ló ti kúrò ní ẹ́sítéètì wa. Fóònù á dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyàwó mi ni yóò wá gbé e fún mi láti ilé ìdáná.

"Bàbá Jọlá," Ìbídùnní ìyàwó mi sọ lọ́jọ́ kan, "ẹ̀ ń fi tẹlifíṣọ̀n yìí pa wá o."

"Ẹnu tẹlifíṣọ̀n yẹn ló ti ń bàjẹ́," mo dá a lóhùn.

"Tẹlifíṣọ̀n kọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ etí yín wò."

Mo bínú sí i. Ta ló máa gbọ́ pé Elétí Ehoro wà lórí ìlà ní ọsibítù, ó ń dúró de dókítà elétí? Mo ní kó má dán an wò kó tún sọ ọ́ létí mi mọ́. Ó wò mí títí, kò sì sọ ọ́ mọ́ lóòótọ́.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ orin ní ọjọọjọ́ Àìkú, Bísíríyù máa ń gba gìtá mi lọ́wọ́ mi. Á ní, "Gbé e wá, jẹ́ kí n kí ìyàwó ẹ kékeré." Á gbé e sórí itan, á máa fi ìka kan okùn rẹ̀, á máa yí àwọn orí okùn náà díẹ̀díẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ni.

Ìgbà tí Àlàájà Ṣẹ̀rífátù ní òun fẹ́ ra amplifáyà gidi fún wa ni wàhálà dé. Ẹ̀rọ tí a máa ń ti gìtá bọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè ròkè ni mò ń wí. Èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ti gbó, ó ń kùn bí ìyá arúgbó. Àlàájà ti rí oríṣi kan lórí fóònù, irú èyí tí wọ́n ń lò láyé àwọn bàbá wa, tó jẹ́ pé ìgò kéékèèké tó ń gbóná ló wà nínú rẹ̀.

"Irú èyí tí Dádì mi máa ń jó sí ni mo fẹ́," ó sọ fún wa. "Tí ohùn ẹ̀ máa ń gbọ̀n, tó sì máa ń dún bíi pé èèyàn wà nínú mọ́ṣáláṣí tó ṣófo. Oríyọmí, ìwọ lo máa bá mi yàn án. Etí ẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Inú mi dùn, àyà mi sì já lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mubashir ní Lasunwọn, èmi, Bísíríyù àti Àlàájà. Àwọn ohun èlò orin tokunbọ̀ ni Mubashir ń tà. Méjì irú ẹ̀ ló ní. Ọ̀kan dúdú, ara rẹ̀ ti bó díẹ̀díẹ̀. Ìkejì ni wọ́n fi aṣọ búráùn bò lára bí àpótí tí àwọn bàbá wa máa ń gbé lọ sí Mẹ́kà, irin etí rẹ̀ sì ń dán.

"Súwíìṣì méjì ló ní o, ọ̀gá," Mubashir ṣàlàyé. "Ti àkọ́kọ́ yìí, ó kàn ń mú ìgò inú ẹ̀ gbóná ni. Iná pupa á tàn níwájú, àmọ́ kò tíì ní ohùn. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa kí ẹ tó tan ìkejì. Ìkejì yẹn ló ni ohùn. Bọ́tìnnì tó wà níbí ni rífáàbù, òun ló ń jẹ́ kó dún bíi pé ilé tóbi. Tirẹ́mólò rèé, òun ló ń gbọ̀n."

Bísíríyù jókòó, ó ta ti dúdú. Ó ta ti búráùn. Nígbà tó ń ta ti búráùn, mo rí i pé ó fún ojú pọ̀ díẹ̀, ó sì gbé orí sápá kan.

"Oríyọmí, gbọ́ ọ dáadáa," ó ní. "Ó ń súfèé."

Mo fetí sílẹ̀. Mo gbọ́ gìtá, ó rí bíi pé ó wà nínú àpò ìrẹsì. Mo gbọ́ ohùn okùn ńlá. Súfèé kankan, n kò gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà mí, ibẹ̀ gan-an ni mo ti lè gba ara mi là. Ọ̀rọ̀ kékeré ni ì bá jẹ́: "Bísíríyù, bá wa yàn án, etí mi kò dá ṣáṣá mọ́." Ó wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n Àlàájà ń wò mí, Mubashir ń wò mí, àwọn ọkùnrin kan tó wá ra sípíkà pàápàá ti dúró, wọ́n ń retí ohun tí Elétí Ehoro máa sọ.

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé orí ẹ̀rọ dúdú náà bí Bísíríyù ṣe ń ta á. Mo gbé e lé ti búráùn. Ti búráùn ń gbọ̀n mí lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Ọwọ́ ni mo fi yan ohun tó yẹ kí n fi etí yàn. Ojú náà sì bá mi dá sí i, nítorí ó rẹwà.

"Ti búráùn la máa mú," mo ní.

"Oríyọmí, ó ń súfèé," Bísíríyù tún sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Wálahi, ó ń súfèé. Bóyá ìgò kan ni kò dáa nínú ẹ̀."

Mo yíjú sí Àlàájà, mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i, Àlàájà? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé inú etí tiwọn gan-an ni súfèé wà."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Bísíríyù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé gìtá kalẹ̀, ó sì bọ́ síta lọ dúró nínú oòrùn.

Ọjọ́ Àìkú tí a kọ́kọ́ lò ó, Rọ̀kíbátù ní nǹkan kan ń gún òun létí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn oníbàárà méjì kó oúnjẹ wọn, wọ́n lọ jókòó sínú ọgbà lọ́hùn-ún. Àlàájà pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Oríyọmí, kí ló ń han bí ẹ̀fọn yẹn?"

Mo ní, "Wáyà gìtá Bísíríyù ni." Nítorí inú ẹ̀rọ kan náà ni àwa méjèèjì ń ti gìtá wa bọ̀.

Bísíríyù ra wáyà tuntun. Ohun náà kò lọ. Àlàájà tún pè mí. Irọ́ àkọ́kọ́ ti tán, mo ní láti wá òmíràn. Ẹ wo bí ẹnu mi ṣe yá tó!

"Àlàájà, n kò fẹ́ sọ ọ́," mo ní. "Ọ̀rẹ́ mi ni. Láti ọjọ́ tí a kò ti mú èyí tó yàn ni inú rẹ̀ kò ti dùn. Òun ló ń yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ yẹn síbi tí kò yẹ, kí ẹ lè sọ pé n kò mọ nǹkan yàn."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bísíríyù? Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn?"

"Èèyàn ò ṣeé mọ̀ tán, mà."

Ó pè é níṣojú mi. Kò pariwo. Ó kàn sọ pé kó lọ sinmi nílé ná, pé òun máa ránṣẹ́ sí i bí òun bá nílò rẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwa tí a wà níbẹ̀ náà mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn ló fi ń bọ́ ìyá rẹ̀.

Bísíríyù kò bá Àlàájà jiyàn. Èmi ló yíjú sí. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dúró, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń ká wáyà. Mo ká a, mo tú u, mo tún un ká.

"Ó dáa," ó sọ níkẹyìn. "Ẹ ṣé gan-an, Àlàájà."

Ó wá gbé gìtá mi tó wà lórí àga. Ó gbé e sórí itan, ó kan okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí èyí tó yí, ó sì rọra dá a padà. Kò sọ pé òun ń kí ìyàwó mi kékeré. Ó gbé tirẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, adìyẹ bà lókùn láàárín wa, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Rọ̀kíbátù ṣì ń bọ̀ wá kọrin, torí pé àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, ṣùgbọ́n ó ń kí mi láìwo ojú mi. Èmi náà ò yọ̀. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé ó máa tán nílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí àṣírí mi tú, ilé ìtura náà kún. Bàbá kan fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ mú un wá jẹ ẹja létí ọ̀sà. Àlàájà ti ní kí n ṣe dáadáa. Mo pinnu pé màá jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó ń jẹ́ Elétí Ehoro.

Nígbà tó kan èmi nìkan láti ta, mo yí rífáàbù sókè, mo yí tirẹ́mólò sókè, mo pa ojú mi dé. Pákó tí mo dúró lé ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó ti pẹ́ tí n kò ti gbádùn orin tó bẹ́ẹ̀.

Mo lajú. Mo rí Àlàájà tó ń bọ̀ láàárín àwọn tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lókè, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo rò pé ó ń yìn mí ni. Mo tẹ orí ba fún un, mo tún yí ẹ̀rọ náà sókè sí i.

Ìgbà yẹn ni mo wá rí àwọn yòókù. Bàbá tó fẹ̀yìn tì náà ti fi ọwọ́ bo etí. Ọmọ ọwọ́ kan ya ẹnu sílẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Rọ̀kíbátù ti kẹ̀yìn sí àwọn èèyàn, ó ti ìka bọ etí méjèèjì.

Rọ̀kíbátù nawọ́ sí ẹ̀yìn amplifáyà, ó pa á.

"Bùọ̀dá Oríyọmí, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Ìgbà tó sún mọ́ mi ni mo tó mọ ohun tó ń wí. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké? Gìtá yín gan-an ò dọ́gba, gbogbo orin ló dàrú!"

"Mo gbọ́ ọ jàre," mo ní. "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní etí?"

Ó wá yọ wáyà gìtá mi kúrò nínú ẹ̀rọ náà, kí gìtá má lọ́wọ́ sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó tan súwíìṣì. Iná pupa tàn níwájú.

"Ẹ sọ bó ṣe ń dún fún wa báyìí," ó ní.

Mo wo iná pupa náà. Mo wo ojú àwọn èèyàn, gbogbo wọn ń wò mí, wọn kò mira. Mo fún ojú pọ̀ díẹ̀, mo gbé orí sápá kan, bí Bísíríyù ṣe ṣe ní Lasunwọn.

"Ẹ̀n-ẹ́n, mo ń gbọ́ ọ," mo ní. "Ó ń súfèé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò le tó ariwo tí ẹ̀ ń pa."

Àlàájà rọra jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù.

Súwíìṣì àkọ́kọ́ ni Rọ̀kíbátù tan. Kò fọwọ́ kan ìkejì. Ohùn kankan kò sí nínú ẹ̀rọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi lẹ lé," Rọ̀kíbátù ní. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ wá jókòó, ẹ pa irọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí màá gbé ọwọ́ mi sí. Bàbá tó fẹ̀yìn tì yẹn ló gba gìtá lọ́rùn mi, ó mú mi jókòó bí ẹni mú ọmọdé. Àánú tó wà lójú rẹ̀ dùn mí ju èébú lọ.

Mubashir wá lọ́jọ́ kejì. Ìgò kékeré kan péré ni kò dáa nínú ẹ̀rọ búráùn náà. Ó yọ ọ́, ó fi òmíràn sí i, súfèé náà kò sì sí mọ́. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dùn gan-an báyìí.

Mo gbé gìtá mi, mo wá Bísíríyù lọ sí Ejinrin. Etí omi ni mo ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù yẹn.

Ó fi àwọ̀n sílẹ̀, ó yí ojú sí mi kó tó sọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ó ti pẹ́ tí Bísíríyù ti máa ń yí ojú sí mi kó tó sọ̀rọ̀.

"Dìde. Rọ̀kíbátù ti sọ fún mi."

"Bísíríyù, etí mi ti kú."

"Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

"O mọ̀? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí n sọ ọ́ fún ta? Etí ẹ ni orúkọ ẹ." Ó mi orí. "Ta lo rò pé ó ń yí okùn gìtá ẹ sí bó ṣe yẹ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú? Ṣé o rò pé mò ń kí ìyàwó ẹ lóòótọ́ ni?"

Mo sunkún. Mo ti lé ẹni tó ń gbọ́ràn fún mi lọ, lẹ́yìn náà ó wá ń yà mí lẹ́nu pé orin mi dàrú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó padà, pé Àlàájà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kó padà.

"Àlàájà ti pè mí lórí fóònù," ó ní. "Mo ti forí jì í. Mo ti forí jì ẹ́ náà. Àmọ́ mi ò ní padà."

"Torí kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ Àlàájà ò dùn mí, kò mọ nǹkan kan. Ìwọ ni mo yíjú sí lọ́jọ́ yẹn, Oríyọmí. O ń ká wáyà."

Mo na gìtá mi sí i.

Ó gba gìtá lọ́wọ́ mi, ó jókòó sí etí ọkọ̀ náà, ó gbé e sórí itan. Ó kan àwọn okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn díẹ̀díẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wá ta orin tí ọ̀gá wa kọ́kọ́ kọ́ wa. Mo mọ̀ ọ́n nítorí mo mọ ibi tí ìka ń gbà. Nígbà tó parí, ó gbójú sókè.

"Ṣé ó ti dọ́gba?"

Ohun tí gbogbo ayé máa ń bi mí nìyẹn.

"N ò gbọ́ ọ, Bísíríyù," mo ní. "N ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó mi orí rọra, ó gbé gìtá náà lé mi lọ́wọ́, ó padà sídìí àwọ̀n rẹ̀.

Mo ti ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn báyìí. Ó ń jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orin kò padà wá. Ẹ̀yin tí ohun kan ń kú lára yín, tí ẹ̀ ń fi pamọ́ nítorí orúkọ, ẹ tètè sọ ọ́. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi kò sì bá èmi nìkan dákẹ́.

Ara ògiri pálọ̀ ni gìtá mi wà. Ní àná, Ìbídùnní ń nu eruku ara rẹ̀, ìka rẹ̀ kan okùn. Ó ní ohùn rẹ̀ ti ń já wálẹ̀, pé ó yẹ kí ẹnì kan bá mi yí i.

Mo ní mo gbà á gbọ́.